Ọmọrogùn Nínú Òkun: Àlọ́, Ẹ̀fẹ̀ àti Oúnjẹ Nínú Ìwé Àwọn Òyìnbó

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní èkejì. Ìgbà mìíràn wà tí àlejò a máa rí ohun tí onílé ti ń fojú fò, nítorí pé onílé ti rí i títí ó fi sú u. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn nígbà tí ó bá ń yẹ ìwé tí àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa Yorùbá wò. Oríṣi méjì ni àwọn ìwé náà. Èkíní ni èyí tí iṣẹ́ ọba mú wọn kọ: ìròyìn nípa owó-orí, ààlà ilẹ̀, oyè àti ẹjọ́. Èkejì ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn: ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ìfàájì kó jọ nítorí pé ó wù wọ́n. Inú oríṣi kejì yìí ni a ti ń rí àlọ́ àti àdììtú, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, àti ọ̀nà tí a ń gbà se oúnjẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sábà gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Eré ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n eré ọjọ́ pípẹ́ ti di ẹ̀rí lónìí, ẹlẹ́rìí tí ó bá sì dé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ kọ̀ pé kí a bi òun léèrè.

Kí a tó mú ìwé kankan, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wo nǹkan wọ̀nyí ní ilé wọn. Òkè-Onígbìn jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìsin, láàrin àwọn Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà sí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ọkà tí a fi èlùbọ́ rò kì í sì í ṣe àjèjì ní ilé kankan níbẹ̀. A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ ní omi gbígbóná, a ó fi í sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, a ó sì lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Bí omi bá hó nínú ìkòkò, a ó da èlùbọ́ sí i, a ó sì fi ọmọrogùn rò ó kí ó má baà kó kókó. Ìyá tí ó ń rò ó kò wọn nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n, apá rẹ̀ ni ó sì ń sọ fún un pé ó ti tó.

Àlọ́ àpamọ̀ kan wà tí ó ti inú ìkòkò yìí jáde, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀. Apàlọ́ yóò ní òkun ń hó, ọ̀sà náà ń hó, síbẹ̀ ọmọ burúkú kan wà tí ó ki orí bọ̀ ọ́. Ọmọrogùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òkè-Onígbìn jìnnà sí òkun, ó sì jìnnà sí ọ̀sà; ẹni tí ó ń pa àlọ́ náà níbẹ̀ lè má tíì fi ojú kan ọ̀kankan nínú méjèèjì rí. Ibẹ̀ gan-an ni àwàdà rẹ̀ wà. A sọ ìkòkò oúnjẹ alẹ́ di agbami, a sì sọ igi ìrokà di aláìgbọràn. Ọmọ tí a ń pa àlọ́ náà fún mọ ọmọ burúkú ọ̀hún dáadáa, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí a ti kìlọ̀ fún òun fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kí ó yé na ọwọ́ sí ìdí ààrò. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, àdììtú, ẹ̀fẹ̀ àti oúnjẹ jọ wà nínú ìkòkò kan. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń rokà kò lè já àlọ́ náà; ẹni tí ó já a tí kò rẹ́rìn-ín, ìdajì ni ó jẹ. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn ìwé àwọn òyìnbó nìyí: ǹjẹ́ wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pọ̀, àbí wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹran?

Nínú àwọn ìwé àtijọ́, èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ni ti Richard Burton, tí ó jáde ní 1865, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Wit and Wisdom from West Africa. Burton ni kọ́ńsúlù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Fernando Po láti 1861, ó sì dé Abẹ́òkúta ní ọdún náà. Àkọlé ìwé rẹ̀ ṣèlérí àwàdà àti ọgbọ́n. Ìyókù àkọlé náà tún fi àdììtú kún un. Ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó wà níbẹ̀, ti Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n Burton kò jókòó ní ìdí ààrò kankan láti gbọ́ wọn. Inú ìwé ni ó ti kó wọn, pàápàá inú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1852. Nínú ìwé Crowther, òwe kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, láti fi hàn bí àwọn ènìyàn ti ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Burton yọ wọn kúrò níbi iṣẹ́ wọn, ó to wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fún wọn ní nọ́mbà. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Burton kó ẹṣin púpọ̀ jọ sí ọgbà kan, ó sì dára láti wò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó gun ọ̀kan nínú wọn. Òǹkàwé rí ọgbọ́n, kò rí ìjà tí a fi ọgbọ́n náà là, kò sì mọ ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nígbà tí a pa á.

Nípa ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ó kọ ohun tí ó dára jù lọ sílẹ̀ ni ẹni tí kò wá a rárá. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí òun ń pè ní Katunga, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1826. Wọ́n pe eégún alárìnjò kí wọ́n ṣeré fún un ní ojú Aláàfin. Lára ohun tí wọ́n fi dárà ni òyìnbó: ẹnìkan tí ara rẹ̀ funfun, tí ó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀, tí ó sì ń fín áṣáà. Clapperton kú ní Sókótó ní 1827, ṣùgbọ́n ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1829, ìtàn eégún náà sì wà níbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn òǹwòran kò yé yíjú sí òun, pé kí òun wò ó dáadáa.

Ohun tí ó gbé àkọsílẹ̀ yìí ga ju ti Burton lọ kò le láti rí. Ẹ̀fẹ̀ kì í dá dúró. Ó nílò ẹni tí ń ṣe é, ẹni tí a ń ṣe é sí, àti agbo tí ń wo ojú ẹni tí a ń ṣe é sí bóyá yóò bínú tàbí yóò rẹ́rìn-ín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé Clapperton, nítorí pé òun gan-an ni a fi ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó mìíràn ń kó ẹ̀fẹ̀ Yorùbá jọ bí ẹni kó labalábá, àwọn Yorùbá ti kó òyìnbó sínú ẹ̀fẹ̀ tiwọn. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn bí àlejò ti wo onílé kò gbọdọ̀ gbàgbé pé onílé náà wo àlejò.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà fúnra rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ ní Òmù. Ìwé rẹ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀, Omu: An African Experiment in Education, jáde ní 1937. Iṣẹ́ tí a rán an ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1938 ó kọ̀wé lórí àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Ní 1939 ó kọ̀wé lórí Ifá. Ní 1944 ó tún kọ̀wé lórí ayẹyẹ mẹ́ta tí àwọn Yorùbá ń ṣe nítorí ọmọ bíbí àti ìrè oko. Ẹnikẹ́ni kò rán olùkọ́ lọ sí ìdí Ifá. Ọkàn rẹ̀ ni ó fà á lọ.

Kò yani lẹ́nu pé Ifá fa irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn àdììtú yóò rí i pé àmì mẹ́jọ ni ó wà nínú odù kọ̀ọ̀kan, pé ẹyọ kan tàbí méjì ni àmì kọ̀ọ̀kan, àti pé bí a bá ṣírò rẹ̀, yóò jẹ́ 256 gééré: ojú odù 16, pẹ̀lú ọmọ odù 240. Ìṣirò yìí dùn mọ́ni púpọ̀. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti ṣírò rẹ̀ lè rò pé òun ti já àlọ́ náà. Iye odù kì í ṣe ìdáhùn, ilẹ̀kùn ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ Ifá wà, lẹ́yìn ẹsẹ Ifá ni ìṣòro ẹni tí ó wá dáfá wà, òun nìkan ni ó sì lè mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí ó ti rí nínú àlọ́ ọmọrogùn ni ó rí nínú Ifá: ẹni tí ó wà ní agbo ni ó ń parí rẹ̀. Ohun tí a lè yin Clarke fún ni pé ó lọ sí ibi tí a ti ń ṣe nǹkan, ó sì ń gbé láàrin àwọn tí ń ṣe é. Èyí ni Burton kò ní.

Àwọn ère Èsìẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn nípa àdììtú. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, iye wọn sì lé ní 800: ọkùnrin, obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., mú kí ayé gbọ́ nípa wọn; ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé Ramshaw ni ó "rí" wọn, tí wọ́n sì pe àwọn ère náà ní àdììtú tí kò ní ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó yẹ kí a tún wò. Kí Ramshaw tó dé, àwọn ará Èsìẹ́ mọ ibi tí ère wà, wọ́n sì ń bọ wọ́n. Ohun tí a ń bọ kò sọnù. Wọ́n ní ìtàn pẹ̀lú, pé àlejò ni àwọn ère náà nígbà kan rí, kí a tó sọ wọ́n di òkúta. Ọ̀mọ̀wé lè sọ pé ìtàn náà kò dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú àṣà àlọ́, ẹni tí ó ni àlọ́ ni ó ni ìtumọ̀. Kí àlejò tó kéde pé ìtumọ̀ kò sí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí onílé wí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó kù. Ní 1934 ni ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ The Kudeti Book of Yoruba Cookery jáde, tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo kọ. Kúdẹtì tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ni Kúdẹtì Ìbàdàn, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wà títí di 1950, nígbà tí a da á pọ̀ mọ́ ti Èkó tí ó sì di St. Anne's. Láti mọ irú ilé tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wá, ó yẹ kí a rántí ìwé Isabella Beeton, tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, tí ó kọ́ àwọn ìyàwó ilé láti máa fi ìwọ̀n, iye owó àti wákàtí se oúnjẹ. Oúnjẹ di ohun tí a lè kà. Ojú àti apá ìyá kúrò níbẹ̀. Òṣùwọ̀n àti agogo rọ́pò wọn.

Ó rọrùn láti fi èyí ṣẹ̀sín. Ta ni ó wọn iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rí ní Òkè-Onígbìn? Ṣùgbọ́n ẹ̀sín náà yóò jẹ́ àṣejù. Ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní ìdí ààrò. Bákan náà ni ọmọ Ìgbómìnà tí a bí sí London lónìí. Ìwé ni ìyá tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí. Ohun tí ó tọ́ láti bèèrè kì í ṣe ìdí tí a fi kọ ìwọ̀n sílẹ̀, bí kò ṣe ohun tí a kò kọ mọ́ ọn. Ìwé lè sọ iye èlùbọ́ àti iye omi; bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ burúkú tí ó ki orí bọ òkun, ó fún ọmọ náà ní ọkà, kò fún un ní ilé.

William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 àti 1938, fi èyí hàn kedere ju ẹnikẹ́ni lọ, bí kì í tilẹ̀ í ṣe ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1949 ó kọ̀wé lórí bí a ti ń to ọ̀rọ̀ nínú àlọ́ àpamọ̀ Yorùbá, fún ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìtàn-àtẹnudẹ́nu ní Amẹ́ríkà. Ní 1951 ó kọ ìwé méjì lórí oúnjẹ Yorùbá àti bí a ti ń sè é, fún ìwé ìròyìn Africa ní London. Iṣẹ́ gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ti àlọ́, kò wo ìtumọ̀ nìkan, ó wo èdè, èyí tí ó bu ọlá fún àwọn tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ka ìwé ti Amẹ́ríkà kò ní í ṣàdédé bá ti London pàdé. Ọkùnrin kan náà ni ó gbọ́ àlọ́ tí ó sì wo ìkòkò. Ètò ìmọ̀ àwọn òyìnbó ni ó fi òkun gidi sí àárín méjèèjì.

Ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó ṣe àdììtú inú àpótí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní New York ní oṣù Kejìlá 1913. Láti ìgbà náà, òyìnbó a mú pẹ́ńsù, a jókòó ní òun nìkan, a sì dúró de ìdáhùn tí a ó tẹ̀ nígbà mìíràn. Eré ìdánìkanṣe ni. Àlọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apàlọ́ á ké, agbo á gbè é; ẹnìkan á ṣì í, a ó fi í rẹ́rìn-ín; ẹlòmíràn á mú ìtumọ̀ mìíràn wá tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, iyàn á sì bẹ́ sílẹ̀. Òyìnbó tí ó fẹ́ràn àdììtú rí ará ilé rẹ̀ nínú àlọ́, nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan náà ni kò sì jẹ́ kí ó rí ìyàtọ̀ wọn.

Bí a bá fẹ́ dájọ́ òdodo, a kò gbọdọ̀ dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Ní 1885 ni D. B. Vincent, ẹni tí ó di Mọ́jọlà Agbébí lẹ́yìn náà, tẹ Ìwé Àlọ́ jáde. Ọmọ Yorùbá kò dúró de àlejò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó tẹ̀lé e pẹ̀lú irú ìtara kan náà? Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn olùkọ́ Yorùbá fúnra wọn kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ni ó to àlọ́ sí ọwọ́ òsì, tí ó to ìtumọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ọmọ lè há a sórí fún ìdánwò. Ẹ̀ṣẹ̀ Burton ni èyí, kò sì sí òkun tí àwọn tí ń dá a la kọjá. Àlọ́ tí a ti fún ọmọ ní ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó tó ronú, ẹran tí a ti jẹ fún un ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ọmọ Ìgbómìnà. Èdè Ìsin kò bá ti Ìbàdàn mu pátápátá, àlọ́ tí a kọ ní ojúlówó èdè Òkè-Onígbìn kò sì wọ́pọ̀ nínú ìwé. Kí ẹni tí ó bá lọ kó wọn jọ ní àsìkò ìsinmi jókòó ní ìdí ààrò títí oúnjẹ yóò fi jinná. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe bí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fẹ́ ẹ. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó pa àlọ́ náà bóyá ó fẹ́ kí a dárúkọ òun, bí ó bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ orúkọ náà sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀. Kí ó kọ àwọn ìtumọ̀ tí agbo ṣì mú wá, nítorí pé inú àṣìṣe ni a ti ń rí bí ènìyàn ti ń ronú. Kí ó kọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àti ohun tí ó wà lórí iná ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ó fi ìtumọ̀ sí ìparí ìwé, kí òǹkàwé lè kọ́kọ́ jìyà díẹ̀.

Ọpẹ́ yẹ àwọn àlejò tí wọ́n fi ìfàájì wọn pa ohun kékeré mọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ka owó-orí. Wọ́n rí ìkòkò, wọ́n rí omi tí ń hó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ọmọ burúkú inú rẹ̀, nítorí pé ọmọ onílé ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ni ìkòkò ni ó yẹ kí ó di ọmọrogùn mú.